Lẹ́yìn “Ẹ Kú Ewu”

Bí ọkọ̀ kan bá kọ lu òmíràn lẹ́yìn ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ Mọ́ńdè, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Èkó. Àwọn awakọ̀ méjèèjì á bọ́ sílẹ̀. Bọ́ńpà ni wọ́n máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wò. Wọ́n á fọwọ́ pa ibi tó tẹ̀, wọ́n á wo iná ẹ̀yìn bóyá ó fọ́, wọ́n á wo ilẹ̀ bóyá nǹkan ń jò. Ariwo á sọ, èrò á pé lé wọn lórí, àwọn kan á làjà. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀ tán ni ẹnì kan máa tó rántí ìyá tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. “Mọ́mì, ṣé kò ṣe yín?” Ìyá á ní, “Kò ṣe mí, ọmọ mi, ọpẹ́ ni fún Olúwa.” “Ẹ kú ewu o, Mà.” Ó parí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ náà á ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyá kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan.

N kò rí ohun tó burú nínú ọpẹ́ yẹn, mo sì mọ ìdí tí ìyá fi gba ilé lọ tààrà. Ilé ìwòsàn ìjọba, káàdì ni, ìlà gígùn ni, àyẹ̀wò tí èèyàn máa sanwó rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é ni. Ti aládàáni, owó ń gun orí owó. Ẹni tó ń lọ ṣọjà kò lè fi odindi ọjọ́ kan ṣòfò nítorí pé ọkọ̀ fara kan ọkọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà pàápàá, òun ló jàre: kò sí nǹkan tó ṣe é lóòótọ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọ̀nà tó gbà mọ̀. Ẹlẹ́rìí méjì péré ló pè: ẹ̀jẹ̀ kò jáde, ara kò sì ro ó. Àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì yìí kì í sábà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ti ìrora ná. Nǹkan kékeré kan wà lórí kídìnrín kọ̀ọ̀kan nínú ara wa. Bí ẹ̀rù bá bà wá lójijì, á da èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kìkì, ẹsẹ̀ á yá nílẹ̀, ìrora á sì rọ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ fi lè sáré jáde nínú ọkọ̀ tó ń jó, kó dé òdìkejì títì kó tó mọ̀ pé ọwọ́ òun kò gbé mọ́. Ó lè di alẹ́, ó sì lè di ọjọ́ kejì, kí ara tó ráyè sọ tẹnu rẹ̀. Ní ti ẹ̀jẹ̀, èyí tó bá dà síta ni ojú wa ń rí. Èyí tó ń jò láàárín agbárí àti ọpọlọ, tàbí tó ń dà sínú ikùn, kì í rin aṣọ.

A jẹ́ pé “Ṣé kò ṣe yín?” nìkan kò tó. Kí ló wá yẹ ká béèrè?

Àwọn kan ti tọpinpin ọ̀rọ̀ yìí dé gbòǹgbò nílẹ̀ òkèèrè, àmọ́ ìṣòro tiwọn yàtọ̀ sí tiwa pátápátá. Ní Kánádà ṣáájú ọdún 2001, kò pẹ́ tí ọkọ̀ bá gbá èèyàn lẹ́yìn tí áńbúláǹsì fi ń dé. Wọ́n á de kọ́là líle mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á dì í mọ́ pátákó, á sì sùn gbalaja bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi ya X-ray ọrùn rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, wọn kì í rí nǹkan kan. Owó ti lọ, àyè ilé ìwòsàn ti kún, ẹ̀yìn ẹni ẹlẹ́ni sì ti ń ro ó nítorí pátákó. Dókítà Ian Stiell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ottawa wá gbé ìbéèrè kan kalẹ̀: ta ni kò nílò X-ray yìí rárá? Wọ́n tẹ̀ lé àgbàlagbà 8,924 tí wọ́n fi orí tàbí ọrùn gbá nǹkan, tí ọpọlọ wọn sì jí pépé, láti ilé ìwòsàn mẹ́wàá ní orílẹ̀-èdè náà. Nínú gbogbo èrò yẹn, ẹni 151 péré ni ìpalára ọrùn rẹ̀ le. Ọdún 2001 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni Canadian C-Spine Rule.

Àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn jù ni wọ́n ṣe é fún. Àwa tí a kì í lọ rárá ló sì tún wúlò fún, nítorí pé ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló yẹ kó mọ ìgbà tó yẹ kó ná an.

Ẹ gbọ́ ìbéèrè wọn. Àkọ́kọ́ kò kan ìrora rárá: ọmọ ọdún mélòó ni yín? Ẹni tó bá ti pé ọdún 65, wọ́n á ya X-ray rẹ̀, ì báà máa rẹ́rìn-ín. Eegun àgbà ti gbẹ, kì í pẹ́ sán. Nílẹ̀ wa, àwọn àgbà yìí gan-an ni wọ́n máa ń sọ pé kò ṣe àwọn, kí àwọn ọmọ má baà dààmú, kí wọ́n má sì náwó. Bí Bàbá ẹni ọdún 70 bá ní “kò ṣe mí”, ohun tó ń sọ ni pé ó fẹ́ràn yín. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa ọrùn rẹ̀.

Ìkejì ni pé, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Bí ọkọ̀ bá ti yí gbirigbiri, bí ó bá ju èèyàn síta, bí eré rẹ̀ bá ju 100 kìlómítà láàárín wákàtí kan, bí ẹni náà bá já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà kan tàbí àtẹ̀gùn márùn-ún, X-ray ni, kò sí àríyànjiyàn. Kódà ẹni tó kọ lu nǹkan lórí kẹ̀kẹ́ ológeere wà lára wọn. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, ọ̀kadà ló sọ sí mi lọ́kàn. Bí kẹ̀kẹ́ ológeere bá tó nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú wọn, kí la fẹ́ sọ nípa ọ̀kadà tó gbé èèyàn méjì láìsí akoto lórí ẹnikẹ́ni?

Ìkẹta: ṣé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń ta yín ṣìnṣìn, àbí ó kú tìpìrì? Mùdùnmúdùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gbé ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá mọ̀ lára lọ sí ọpọlọ. Bí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣìnṣìn lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbá èèyàn, ó lè jẹ́ pé nǹkan ti ń tẹ mùdùnmúdùn náà lọ́rùn. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ mi orí rẹ̀ mọ́ títí tí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹnu lásán ni ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fẹ́. Ẹ lè béèrè wọn lójú títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ńpà, kí awakọ̀ kankan tó mú fóònù.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì á wá ohun tó fi í lọ́kàn balẹ̀. Ṣé wọ́n kàn gbá ọkọ̀ yín lẹ́yìn ni? Ṣé ẹ ti dìde rìn láti ìgbà náà? Ṣé ẹ lè jókòó? Ṣé ọrùn kò dùn yín lójú ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé àárín gbùngbùn eegun ọrùn kò dùn bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án? Ọ̀kan péré nínú wọn ti tó láti lọ sí ìgbésẹ̀ tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ gbígbá lẹ́yìn yẹn. Ìlànà náà kò ka ẹni tí bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá gbá kún un, kò sì ka ẹni tí wọ́n gbá títí ọkọ̀ rẹ̀ fi bọ́ sójú ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀. Tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já lórí afárá Òtẹ́dọlá kì í ṣe “wọ́n kàn fara kàn mí lẹ́yìn”, bó ti wù kí ihò inú bọ́ńpà kéré tó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìrora tó pẹ́ kó tó dé. Ohun tí a gbà gbọ́ nílé ni pé èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lọ́jọ́ kejì ló léwu, pé inú ara ti ń bà jẹ́ bọ̀ láti àná. Ní ti ọrùn, òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n rí. Ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun èèyàn lójú ẹsẹ̀, ní àárín eegun gan-an, ló ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Èyí tó le gbagidi nígbà tí èèyàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì sábà máa ń jẹ́ pé ẹran ara ló rọ́ nígbà tí orí fì síwá-sẹ́yìn. Irú èyí ń dùn púpọ̀, ó sì lè gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n paracetamol àti kí èèyàn máa mi ọrùn díẹ̀díẹ̀ ló ń wò ó, kì í ṣe kọ́là.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò dáadáa. Nọ́ọ̀sì á dúró sẹ́yìn yín. Á fi ìka kan bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí agbárí ti pàdé ọrùn, á máa tẹ eegun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ̀ nísàlẹ̀, títí dé eegun tó yọ gòǹgò nísàlẹ̀ ọrùn, á sì máa bi yín pé, “Ṣé ó dùn níbí?” Bó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní kí ẹ yí orí yín sí ọ̀tún, dé ìdajì ọ̀nà sí èjìká, kí ẹ tún yí i sí òsì. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa yí i. Kò ní fọwọ́ kan orí yín. Bí ẹ bá lè yí i dé ibẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ kò nílò X-ray, ẹ lè máa lọ sílé.

Nílé wa ńkọ́? Aládùúgbò kan tó mọ̀ nípa rẹ̀ á ní kí ẹ jókòó sórí àpótí, á fi omi gbígbóná jó ọrùn yín, á fi òrí pa á, á wá di orí mú lọ́wọ́ méjèèjì, á sì fà á títí á fi dún kọ̀ọ̀. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Bí ọrùn bá kàn rọ́ ni, ooru omi gbígbóná lè mú kó rọ̀. Àmọ́ bí eegun bá ti sán, fífà kan ṣoṣo yẹn lè sọ ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé di ẹni tí kò ní rìn mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọrùn yín kí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà tó wò ó.

Ìlànà àwọn ará Kánádà yìí kò wà fún gbogbo èèyàn. Kò sí fún ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 16, kò sí fún ẹni tó ti mutí yó tàbí tí ojú rẹ̀ kò dá dáadáa, kò sì sí fún aboyún. Ní ti aboyún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gba ìbéèrè púpọ̀. Bẹ́líìtì tó gbà á mú lè mi ikùn débi tí ibi ọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára ilé ọmọ. Ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ìjàmbá tí kò fi ojú ọgbẹ́ kankan sílẹ̀ lára ìyá. Kí ó lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, kí wọ́n sì dá a dúró fún wákàtí mélòó kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ, bí inú bá ń le tantan, tàbí bí ọmọ kò bá yí bó ṣe máa ń yí, kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Bẹ́líìtì yìí kan náà ló gba ẹ̀mí là, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ohun tí mo sọ yìí tú u. Tí ẹ bá délé kí ẹ ká aṣọ sókè wò. Bí ẹ bá rí àpá rẹ̀ lára ikùn, pupa tàbí dúdú bí ìgbà tí wọ́n fi pàṣán sàmì sí i, tí inú sì ń dùn yín bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ gbéra. Ìfun àti ẹ̀dọ̀ lè fara gbọgbẹ́ lábẹ́ irú àpá bẹ́ẹ̀.

Ti orí ló le jù, nítorí pé ó ń tanni jẹ. Agbárí fẹ́lẹ́ ní ẹ̀bátí, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan sì gba inú rẹ̀ kọjá. Bí eegun ibẹ̀ bá sán, tí iṣan náà sì ya, ẹni náà lè dákú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó jí, kó jẹun, kó bá yín tàkúrọ̀sọ, tí gbogbo ilé á máa dúpẹ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i láàárín agbárí àti ọpọlọ, agbárí kò sì lè fẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ kíkankíkan, á bì, oorun á máa kùn ún. Bí wọ́n bá tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ó ṣeé gbà là. Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí: láti ọdún 1962 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ ìlú Àwẹ́, ti padà láti Amẹ́ríkà wá sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe é nílẹ̀ Yorùbá.

Àwọn ará Ottawa ní ìbéèrè tiwọn lórí èyí náà, láti ọdún 2001 kan náà. Ṣé ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣé omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀? Ṣé wákàtí méjì ti kọjá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì já geere? Ṣé ó ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdajì wákàtí kí ọkọ̀ tó gbá a? Ṣé ó ti pé ọdún 65? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó kí dókítà ronú nípa CT scan, ìyẹn àwòrán inú orí. Ẹni tí gìrì mú, tàbí tí ẹsẹ̀ kan tàbí ọwọ́ kan rọ, kò yẹ kí ẹ dúró bi í ní ìbéèrè kankan.

Wọ́n máa ń sọ nílé pé ẹni tó forí gbá kò gbọdọ̀ sùn. Oorun fúnra rẹ̀ kì í pa á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó dá sùn nínú yàrá títì pa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá oorun ló ń sùn tàbí ó ti dákú. Bí dókítà bá ní kó máa lọ sílé, kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ fún wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tó máa tètè mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá yí padà.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè pe 111, kí ẹni tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ náà máa bi wọ́n ní irú ìbéèrè yìí lórí fóònù. Lọ́dọ̀ tiwa, 112 ni ti pàjáwìrì, 767 náà wà fún Èkó, 122 sì ni ti Road Safety. Òfin sì wà lẹ́yìn yín: abala 20 nínú National Health Act ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á, ẹni tó bá sì kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì tí wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ bí òfin yẹn ti jìnnà sí i tó. Síbẹ̀, kí ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹni tó ń béèrè owó mọ̀ pé ẹ mọ̀.

Mo ní láti padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà, nítorí ohun kan wà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù kan lẹ́yìn ìjàmbá ló ń yọjú. Ọpọlọ àgbà máa ń súnkì díẹ̀, àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ ọn á sì fà le. Ìgbọ̀nrìrì tí kò tó nǹkan lè já ọ̀kan nínú wọn, pàápàá bí ẹni náà bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú bíi warfarin tàbí aspirin. Ẹ̀jẹ̀ á máa jò níwọ̀n-níwọ̀n. Ìyá tó ń ṣòwò rẹ̀ láìgbàgbé kọ́bọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fún oníbàárà ní ṣéńjì tó ju owó tó san lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á máa wọ́ nílẹ̀. Á máa sùn lọ́sàn-án, orí á máa fọ́ ọ. Àwọn ọmọ á ní ọjọ́ orí ni. Àwọn ẹbí á ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n á gbé e lọ sí ilé àdúrà, kò sì sí ẹni tó máa rántí ọkọ̀ tó gbá wọn lẹ́yìn ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, torí pé “kò ṣe mí” lòun náà sọ lọ́jọ́ yẹn.

Àìsàn yìí ní ìwòsàn. Oníṣẹ́ abẹ á lu ihò kékeré sí agbárí, ẹ̀jẹ̀ tó ti di omi á dà jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n dókítà tó rí arúgbó tó ń gbàgbé nǹkan kò lè mọ̀ pé ọkọ̀ ti gbá a rí, àyàfi bí ẹnì kan bá sọ fún un. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé Ìyá tàbí Bàbá lọ síbẹ̀, kí wọ́n tó bi yín ní ohunkóhun nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ gbá wọn, ẹ sọ ibi tí wọ́n jókòó sí nínú ọkọ̀, ẹ sì kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò jáde sórí tábìlì.